Ó Gba Bọ́ọ̀lù, Ó sì Gba Ẹsẹ̀

Gbólóhùn kan ti di àdúrà lẹ́nu àwa olùwòran bọ́ọ̀lù ní Ìlọrin yìí. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá fò sókè, tí ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ìtì igi, tí ó sì fi ìsàlẹ̀ bàtà kọ lu ojúgun ọmọ ẹlòmíràn, kí ọmọ náà tó ké tán ni ẹ ó ti gbọ́ ariwo: "Ó gba bọ́ọ̀lù!" Bí rẹfirí bá gbé fèrè sẹ́nu, ariwo náà a tún le sí i: "Ó gba bọ́ọ̀lù! Àbí o fọ́jú ni?" Mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa bá mi fi ara balẹ̀ yẹ gbólóhùn kékeré yìí wò, nítorí ó dá mi lójú pé ibi tí ó ti ṣe nínú eré bọ́ọ̀lù kì í ṣe kékeré. Ó ti ba ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ rẹfirí di ojo.

GRA ni mò ń gbé, àdúgbò tí igi pọ̀ sí, tí ilé kò fún mọ́ ara wọn. Ìjọba amúnisìn ni ó kọ́kọ́ ya irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Lónìí àwa ni a jókòó síbẹ̀, lọ́yà, dókítà, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba, àti àwa tí a ń jẹun láti orí ìwé. Ní ọ̀sán Sátidé, bí ẹ bá rìn kọjá lójú títì wa, ẹ ó gbọ́ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ilé dé ilé. Bí ẹnìkan bá gbá ọmọ Arsenal tàbí ọmọ Chelsea lẹ́sẹ̀, àwọn àgbàlagbà á fò dìde lórí àga: "Káàdì pupa! Ìwà ọ̀daràn ni!" Wọn a ka òfin bí ẹni ń ka ìwé mímọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjọ́ tí Kwara United ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá wa, tí ọmọ tiwa bá ṣe irú nǹkan kan náà sí ọmọ àlejò, àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí kan náà ni yóò máa fi ọwọ́ gbọn aṣọ wí pé: "Ó gba bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ọkùnrin ni." Mo bi yín léèrè: ṣé ojúgun ọmọ òyìnbó ni egungun, tí ti ọmọ tiwa wá jẹ́ irin?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin wí, nítorí a kì í fi ariwo dá ẹjọ́. IFAB, àjọ tí ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1886, ti kọ ọ̀rọ̀ yìí kedere sínú Òfin Kejìlá. Ó pín ẹ̀ṣẹ̀ irú èyí sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí ènìyàn bá gbá ẹlòmíràn nítorí pé kò kíyè sára, rẹfirí yóò fọn fèrè, àwọn tí a ṣẹ̀ yóò sì gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ tán. Bí ó bá jẹ́ pé kò bìkítà nípa ewu tí ó wà níbẹ̀ fún ẹnìkejì, káàdì yẹ́lò tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá lo agbára tí ó kọjá ààlà, tàbí tí ó fi ara ẹnìkejì sínú ewu, káàdì pupa ni, kí ó jáde. Ìbáà gba iwájú wọlé sí i, ìbáà gba ẹ̀gbẹ́, ìbáà gba ẹ̀yìn. Ìbáà fi ẹsẹ̀ kan, ìbáà fi méjèèjì. Ẹ ka òfin náà láti òkè délẹ̀, ẹ kò ní rí ibi tí ó ti wí pé bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti kan bọ́ọ̀lù, a ti dárí jì ọ́.

Àwọn àgbà wa ti rí ọ̀rọ̀ yìí kí bọ́ọ̀lù tó dé. Wọ́n ní kí ejò kú, kí ọ̀pá má kán. Bí mo bá ju àdá lu ejò láàrin Ọjà Ọba, tí àdá náà pa ejò, tí ó sì gé obìnrin tí ń ta ata ní ìka, ṣé ẹ ó wí pé, "Ó ṣáà pa ejò," kí ẹ sì máa ná ọjà yín lọ? Ẹ ó mú mi. Ẹ ó bi mí pé ta ni ó ní kí n ju àdá níbi tí ènìyàn pọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó gba bọ́ọ̀lù tí ó sì gba ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí ó gbà kò san gbèsè ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́.

Bí a bá ti já irọ́ yìí, àwọn kan a tún sá sábẹ́ òmíràn: "Kò mọ̀ọ́mọ̀. Ọmọ dáadáa ni." Ó lè jẹ́ ọmọ dáadáa lóòótọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì, ọdún 2008, ní ìlú Birmingham, Martin Taylor wọlé sí Eduardo da Silva ti Arsenal lẹ́sẹ̀, egungun ẹsẹ̀ Eduardo sì ṣẹ́ lójú gbogbo ayé. Àwọn tí ó mọ Taylor wí pé kì í ṣe ìkà ènìyàn, èmi kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n Mike Dean tí ó jẹ́ rẹfirí kò dúró wá inú ọkàn rẹ̀ wò. Eré náà kò tí ì ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ nígbà tí ó yọ káàdì pupa. Ọlọ́run ni olùmọ̀ràn-ọkàn. Rẹfirí kì í ṣe Ọlọ́run. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni kí ó dá lẹ́jọ́: báwo ni eré ẹni náà ti pọ̀ tó, báwo ni bàtà rẹ̀ ti ga sí kúrò nílẹ̀, ṣé ó lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́ tàbí kò lè ṣe é. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ewu, ojú sì lè rí i.

Ẹ ṣe àkíyèsí ìṣẹ́jú kẹta yẹn dáadáa. Nítorí àwáwí mìíràn tí mo máa ń gbọ́ ni pé kò yẹ kí rẹfirí lé ènìyàn jáde nígbà tí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó má bàa ba eré jẹ́. Èyí yà mí lẹ́nu gidigidi. Ṣé egungun máa ń le ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ eré ni? Agbábọ́ọ̀lù tí ó bá mọ̀ pé rẹfirí kì í yọ káàdì pupa kí ìdajì eré tó pé ti gba ìwé àṣẹ láti ṣẹ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó fi ara ẹlòmíràn wéwu ni ó ba eré jẹ́. Rẹfirí kàn ń sọ fún wa pé eré ti bàjẹ́ ni.

Èyí tí ó tún burú ju gbogbo rẹ̀ lọ ni àṣà dídúró de ẹ̀jẹ̀. Bí ẹni tí a gbá bá dìde, tí ó gbọn ara nù, tí ó ń tiro lọ, a ó ní kò sí nǹkan. Bí wọ́n bá gbé e jáde tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ́, ìgbà náà ni a ó wá máa ké pé káàdì dà. Ọlọ́kadà tí ó fi eré àsápajúdé la àárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kọjá ní Taiwo Road, ṣé ìgbà tí ó bá pa ọmọ ni ó tó jẹ̀bi? Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ní àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2010, Nigel de Jong ti Netherlands gbé ẹsẹ̀ ga, ó sì fi ìsàlẹ̀ bàtà lu Xabi Alonso ti Sípéènì ní àyà. Alonso dìde, ó ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ, káàdì yẹ́lò sì ni Howard Webb yọ. Lẹ́yìn náà Webb fúnra rẹ̀ sọ pé ẹnìkan dí òun lójú, àti pé ká ní òun rí i dáadáa, pupa ni òun ì bá yọ. Ó sọ ọ́ bí ọmọlúwàbí. Kò sọ pé ara Alonso ṣáà le. Àyà tí kò fọ́ kò sọ ẹsẹ̀ burúkú di ẹsẹ̀ rere.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí àánú òdì yìí ń gbé eré bọ́ọ̀lù lọ, ẹ wo ọdún 1966. Pelé lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, àwọn ará Bulgaria sì gbá a lẹ́sẹ̀ títí kò fi lè bá Hungary ṣeré. Nígbà tí ó padà wá láti pàdé Pọ́túgà, João Morais gbá a, ó tún un gbá, rẹfirí kò sì lé e jáde. Nígbà yẹn òfin kò tí ì gba ẹgbẹ́ láyè láti fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tí ó fara pa, nítorí náà ọkùnrin tí gbogbo ayé sanwó láti wò ń tiro kiri orí pápá bí àgùntàn tí ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Brazil fìdí rẹmi, Pelé sì búra pé òun kò ní bá wọn lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé mọ́. Ọpẹ́ ni pé kò mú ìbúra náà ṣẹ. Ní Mexico ní ọdún 1970 ni a kọ́kọ́ lo káàdì yẹ́lò àti pupa nínú ìdíje náà, ibẹ̀ náà sì ni Pelé ti gba ife rẹ̀ kẹta. Síbẹ̀ káàdì kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi jáde láti inú àpò. Ọwọ́ ni yóò yọ ọ́, ọwọ́ sì ń fẹ́ ìgboyà.

Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ bí ó ti ń dun ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, ọdún 2014, Super Eagles pàdé Faransé ní ìlú Brasília. Ayò kankan kò tí ì wọlé nígbà tí Blaise Matuidi fi bàtà gun Ogenyi Onazi ní ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n gbé Onazi jáde, Reuben Gabriel sì wọlé dípò rẹ̀. Mark Geiger, rẹfirí láti Amẹ́ríkà, yọ káàdì yẹ́lò. Èmi kò sọ pé torí rẹ̀ ni Faransé ṣe fi ayò 2 sí 0 na wá, nítorí ẹni tí ó bá ń ṣe àríyànjiyàn kò gbọdọ̀ purọ́. Ohun tí mo sọ ni pé Matuidi fi ara Onazi wéwu, òfin sì ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jáde. Gbogbo GRA ni ó pariwo ní alẹ́ ọjọ́ náà, ariwo náà sì tọ́.

Ṣùgbọ́n kí ariwo wa lè ní ọlá, ó yẹ kí ó tọ́ ní ọjọ́ tí ọ̀ràn bá kàn wá pẹ̀lú. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, ọdún 2010, ní Bloemfontein, Kalu Uche ti gbá ayò 1 wọlé fún wa lára Gíríìsì, ọkàn wa sì balẹ̀. Sani Kaita wá gbé ẹsẹ̀ ta Vasilis Torosidis ní ibi tí wọn kò ti jọ ń jà sí bọ́ọ̀lù. Oscar Ruiz láti Kòlóńbíà lé e jáde, Gíríìsì sì gbá ayò 2 wọlé lẹ́yìn náà. Ẹ̀ṣẹ̀ Kaita yàtọ̀ sí ti Matuidi, nítorí ìpá lásán ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò kan náà ni ó jẹ́ fún àwa olùwòran. Títí di òní mo ṣì ń gbọ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ń pe Ruiz ní olè. Ẹni tí ó bá pe Geiger ní ojo tí ó sì pe Ruiz ní olè kò fẹ́ òdodo. Ó ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ tirẹ̀ máa borí ni.

Ìwà yìí ni ó ń dé ba rẹfirí tí ń ṣeré ní ìlú wa. Ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀. Òun nìkan ni ó wà láàrin pápá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yí i ká, onílé sì ni gbogbo wọn. Bí ó bá yọ káàdì pupa fún ọmọ àlejò, a ó pàtẹ́wọ́. Bí ó bá yọ ọ́ fún ọmọ onílé, a ó sọ omi lù ú, a ó bú ìyá rẹ̀, àwọn aláìlójútì kan yóò sì dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ èyí kí ó tó wọ aṣọ rẹ̀ ní òwúrọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹsẹ̀ burúkú bá dé, ó lè fọwọ́ kan àpò pupa, kí ó rántí ọ̀nà ilé, kí ó sì fa yẹ́lò yọ. Àwa ni a fa yẹ́lò náà yọ. Ojú rẹ̀ ríran. Ẹ̀rù wa ni ó dì í lójú.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé: "Rẹfirí náà ènìyàn ni. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó fi rí ọ̀ràn tí ìwọ fi gbogbo oṣù kan rò. Bí ó bá lé aláìṣẹ̀ jáde ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni èyí, èmi kò sì fẹ́ fojú fò ó. Rẹfirí yóò ṣì í, láìsí àní-àní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé àṣìṣe méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Bí a bá lé aláìṣẹ̀ jáde, ẹgbẹ́ rẹ̀ lè pàdánù eré kan, àwọn aláṣẹ sì lè yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kí wọ́n fa ìjìyà rẹ̀ yọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ yóò tún gbá bọ́ọ̀lù. Bí a bá fi ẹlẹ́sẹ̀ burúkú sílẹ̀ lórí pápá, tí ó tún ṣe é, ìgbìmọ̀ wo ni yóò jókòó fa egungun tí ó ṣẹ́ yọ kúrò nínú ìwé? Níbi tí àṣìṣe kò bá ṣeé yẹra fún, ẹ jẹ́ kí a yan èyí tí a lè tún ṣe.

Àwọn mìíràn ń dúró de ẹ̀rọ. Lóòótọ́, VAR wọ inú òfin bọ́ọ̀lù ní ọdún 2018, káàdì pupa tí rẹfirí kò rí sì wà lára ohun mẹ́rin tí a lè fi í yẹ̀ wò. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ẹ̀rọ náà wá sí pápá ilé ẹ̀kọ́? Ta ni yóò gbé e wá sí ilẹ̀ eléruku níbi tí àwọn ọmọ Òkèlele àti Adéwọlé ti ń fi òkúta ṣe ojúlé? Ibẹ̀ ni egungun ti ń ṣẹ́ jù. Mo rí ọmọkùnrin kan ní orí pápá kan nítòsí wa ní GRA, kò tí ì ju ọmọ ogún ọdún lọ, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ìlù. Ọ̀gbẹ́ni ńlá kan wọlé sí i láti ẹ̀yìn. A gbọ́ ìró egungun náà. Ẹni tí ń ṣe rẹfirí nawọ́ síwájú pé kí eré máa lọ, nítorí bọ́ọ̀lù ti bọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ òfin sì sọ pé a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí eré máa lọ lórí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, àfi bí ayò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Kò sí mọ́tò tí yóò gbé e, orí ọ̀kadà ni wọ́n gbé e lé, ẹnìkan dì í mú lẹ́yìn. Owó ilé ìwòsàn kò sí nílé, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn tí ń to egungun ni wọ́n gbé e lọ. Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n kò gùn tó èkejì mọ́. Kárpẹ́ńtà ni baba rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń ta àkàrà. Eléyìí kì í ṣe ọmọ Arsenal tí oníṣègùn mẹ́fà ń dúró dè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo ohun tí ó ní.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé níbi tí oníṣègùn ti ṣọ̀wọ́n ni ó yẹ kí òfin ti le jù. Àwa sì sọ ọ́ di òdìkejì: bí ìtọ́jú bá ti dín kù tó ni ọwọ́ rẹfirí ń rọ̀ tó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Rẹfirí ni àgbà tí a fi jẹ lórí pápá. Bí òun bá wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ ọmọ ẹni ń ṣẹ́, kí ni a fi í jẹ fún?

Àwa tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ lára wa. Nínú ìdíje ẹ̀ka kan sí ẹ̀ka kejì, ẹ jẹ́ kí ó di òfin pé balógun ẹgbẹ́ nìkan ni yóò máa bá rẹfirí sọ̀rọ̀. Kí olùkọ́ tí ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù kọ́ wọn láti dúró lórí ẹsẹ̀ kí wọ́n tó já bọ́ọ̀lù gbà, nítorí ẹni tí ó ti fi ara lélẹ̀ kò ní àṣẹ lórí ara rẹ̀ mọ́. Kí a san owó rẹfirí kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì sìn ín délé bí ó bá parí, ẹni yòówù kí ó borí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ní ọjọ́ tí ó bá lé ọmọ tiwa jáde pẹ̀lú ẹ̀tọ́, ẹ jẹ́ kí àwa tí a mọ ìwé pàtẹ́wọ́ fún un. Ìpàtẹ́wọ́ ogún ènìyàn lè fún ọkùnrin kan ní ìgboyà.

Orúkọ Rashidi Yekini ni a fi sọ pápá ńlá wa ní Ìlọrin. Ọmọ Ìrá ni, Kàdúná ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1963, ó sì gbá bọ́ọ̀lù ní Kàdúná, ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta kí ó tó ré òkun kọjá. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, ọdún 1994, ní Dallas, ó gbá ayò àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, a sì fi ayò 3 sí 0 na Bulgaria. Ó kú ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ bí ó ti di àwọ̀n mú ní ọjọ́ náà, tí ó ń sunkún ayọ̀. Ká ní ẹnìkan ti wọlé sí i láti ẹ̀yìn nígbà tí ó ṣì kéré, lórí pápá kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀, tí àwọn olùwòran sì ké pé, "Ó gba bọ́ọ̀lù!", tí rẹfirí sì gbọ́ tiwọn, orúkọ ta ni à bá fi sọ pápá wa? Ẹni bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. A kò mọ ẹsẹ̀ tí Yekini mìíràn ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí rẹfirí dáàbò bo gbogbo wọn, kí àwa náà sì pa ẹnu wa mọ́ nígbà tí ó bá ń ṣe é.